Wáàsí Jímọ̀: Aboyún Tó Ń Sunkún Kì í Ṣe Aláìnígbàgbọ́

As-salāmu alaykum, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Nínú Sūratu Maryam, ìrọbí gbé Maryam, ìyá Ànábì Ísà, dé ìdí igi dàbínù. Ó ti jìnnà sáwọn èèyàn rẹ̀, ẹnu ayé sì ń bà á lẹ́rù. Ó ní: «Ìbá ṣe pé mo ti kú ṣáájú èyí, kí n sì ti di ẹni ìgbàgbé pátápátá» (19:23). Obìnrin tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo èsì tó gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìmáánì rẹ̀ ti dín. «Má banújẹ́» ló kọ́kọ́ gbọ́. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, dàbínù tútù ń bọ́ lókè. Wọ́n ní kó jẹ, kó mu, kó fọkàn balẹ̀. Wọ́n tún gba ẹjọ́ ẹnu ayé kúrò lọ́rùn rẹ̀: kó gba ààwẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ, kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Àwa ńkọ́? Aboyún á ní inú òun kàn ń bàjẹ́ ṣáá, ọkọ á ní, «Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ lóyún láyé ni?» Ìyá ọkọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀: oyún mẹ́fà lòun gbé, òun ò sì yé lọ sóko. Ẹni tó ti bí obìnrin mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ò tíì yọ tí wọ́n ti ń bi í ṣé ọkùnrin ni. Ọlọ́hun ní Òun ló ń ta ẹni tó wu Òun lọ́rẹ abo tàbí akọ (42:49). Bó bá sì jẹ́ ti ìmọ̀ ìṣègùn, àtọ̀ bàbá ló ń pinnu èyí tó máa jẹ́. Ta wá ni ká bi?

Àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde ní 2007 lórí àwọn aboyún ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jù ni àwọn tí kò lọ́kọ, àwọn tí ilé wọn ti tú, àwọn tó wà nílé olórogún, àwọn tó ti bí òkú ọmọ rí, àti àwọn tó rí i pé kò sẹ́ni tó dúró ti àwọn. Èmi ò bá ìyàwó púpọ̀ jà o. Ọlọ́hun gbà wá láyè mẹ́rin, Ó sì fi ṣíṣe déédéé sí i. Ẹni tó ń sá lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kejì látìgbà tí èébì oyún ti bẹ̀rẹ̀, kó ka ẹsẹ Àlùkùránì náà dópin (4:3).

Kódà obìnrin tí a ti kọ̀ sílẹ̀, tó bá wà nínú oyún, ọkọ ni kó máa náwó lé e lórí títí tó fi máa bímọ (65:6). Aboyún tó wà lábẹ́ òrùlé yín wá ń tọrọ owó ọkọ̀ àti lọ gba ìtọ́jú oyún!

Ẹ̀yin ọkọ, tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wọlé, tí nǹkan kan ò múnú rẹ̀ dùn mọ́, ẹ tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ máa ka Àlùkùránì sí i létí, ó dára, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má lọ hosípítù. Èyí tó bá ní ikú ló wu òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan rárá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.