Ẹ Béèrè Àyè, Ẹ Má Tọrọ Àánú: Ọ̀rọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì í Balẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sọ nílùú Iléṣà nìyí. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò, àti ibi tí iná ti lọ tí a ń wá ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí tó wà lọ́fíìsì wa máa ń dìde lọ kírun, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Abiyamọ máa ń tètè lọ sílé lọ fọ́mọ lọ́mú. Bàbá kan wà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ wá sísàlẹ̀ kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni ò pe èyíkéyìí nínú wọn ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ kan sọ pé àyà òun máa ń já tí wọ́n bá pe òun sípàdé lójijì, ohun tí yóò gbọ́ ò ju “Mọ́kàn le” àti “Gbàdúrà sí i” lọ. Èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá olórúnkún pé kó gbàdúrà, kó sì máa gun àtẹ̀gùn lọ.

Ohun tí mo bá wá ò ju ẹyọ kan lọ: àyè tí à ń fún orúnkún, ẹ lè béèrè rẹ̀ fún ọkàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé iwájú ọ̀gá, iṣẹ́ ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já. Tí ọ̀dítọ̀ bá ń bọ̀, akọ̀wé owó ò ní sùn dáadáa, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí ọ̀dítọ̀ ti lọ láti oṣù mélòó kan tí oorun ò tíì padà. Ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹnu á gbẹ, inú á máa ru. Ara ti múra àtisá tàbí àtijà, bẹ́ẹ̀ fáìlì lásán ló wà níwájú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 301 ló ní irú àìbalẹ̀-ọkàn yìí lọ́dún 2019, àti pé òun àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 gbé lọ́dọọdún. Ọ̀gá tó bá rò pé owó òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Òṣómàáló sì ni wá níbí. Ẹni tí bàbá-bàbá rẹ̀ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi gbowó aṣọ rẹ̀, ojú á tì í láti sọ pé ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè ń ba òun lẹ́rù. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní Ifẹ̀, kaṣíà ni ní báńkì kan, mi ò ní sọ èyí tí. Tí oṣù bá parí, tí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, ìlà á gùn dé ẹnu géètì, àwọn àgbà á máa kan gíláàsì pé, “Ọmọ mi, ṣe kíá.” Á fi ẹ̀rọ ka owó, á tún fọwọ́ kà á, á tún dá a padà sínú ẹ̀rọ, torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ á ti rin náírà. Á wá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á dúró síbẹ̀ títí èémí rẹ̀ á fi wálẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé fóònù ló ń lọ tẹ̀. Ó ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó wà nínú báàgì rẹ̀.

Ohun tó béèrè nígbẹ̀yìn kéré. Ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí èrò máa ń pọ̀ jù lọ lóṣù, kí wọ́n fi òun sí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣí àkáǹtì, kí ẹni tó fẹ́ràn káńtà bọ́ síbẹ̀. Òun á sì máa bá wọn ṣe àkọsílẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tí kálukú ń sá fún. Ọ̀gá gbà lọ́jọ́ náà. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń béèrè: “Mà, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ yìí fẹ́ pa mí.” Kí lẹ fẹ́ kí ìyá yẹn ṣe? Á ní pẹ̀lẹ́, á ní kẹ́ ẹ lọ sinmi lọ́la, lọ́túnla ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ gbé e gba ibòmíràn:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ mi. Tí ẹ bá pè mí sípàdé láìsọ tẹ́lẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀, mi ò sì ní lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ti ṣe tán. Mo ti ń rí dókítà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá lè fi ohun tí ẹ fẹ́ bi mí ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìdáhùn mi á péye. Ẹ jẹ́ ká dán an wò fún oṣù méjì, ká wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ó sọ ibi tí iṣẹ́ ti ń há, ó sọ ohun tí ọ̀gá lè ṣe, ó dá ọjọ́ àyẹ̀wò sí i. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì dúpẹ́. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ sí Òṣogbo lọ́la.

Òfin ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dún 2010, Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àjọ UN lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá, èyí tó ní agbanisíṣẹ́ tó bá kọ àtúnṣe tí kò ni í lára ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti yan òṣìṣẹ́ jẹ nìyẹn. Òfin 2018 tó ka yíyan àwọn akanda ẹ̀dá jẹ léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019, ka àìlera ọpọlọ tó ti pẹ́ lára ènìyàn mọ́ ọn. Òfin ìlera ọpọlọ tó buwọ́ lù ní January 2023 náà ní kí wọ́n má fi àìsàn ọpọlọ yan ẹnikẹ́ni jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí èyí tó to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún kaṣíà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè tọ́ka sí Equality Act ti 2010, òfin ìdọ́gba tibẹ̀, lójú ọ̀gá; tiwa, ọwọ́ agbẹjọ́rò ló ti ń lágbára, owó agbẹjọ́rò kò sì kéré.

OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà níbí jẹ́ ara rẹ̀, ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: kí ará àdúgbò má lọ rí yín lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀. (Ẹni tó rí yín, kí lòun náà wá ṣe?) Ìwé tí dókítà bá kọ sí ọ́fíìsì kò pọn dandan kó dárúkọ àìsàn. Ẹ ní kó kọ ohun tó le fún yín lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́, àti iye oṣù.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ ká ti ṣọ́ra. Bí a bá ń sá fún ìbẹ̀rù pátápátá, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ kan ní kí wọ́n yọ òun kúrò nínú àsẹ́ńbìlì àárọ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Nígbà tó di sáà kejì, kíláàsì tirẹ̀ gan-an ti ń bà á lẹ́rù. Ì bá sàn kó ní òun á kọ́kọ́ máa dúró lẹ́yìn, kó wá máa ka ìkéde kan lọ́sẹ̀, kó tó di pé ó darí rẹ̀, torí bí àwọn tó ń tọ́jú irú ìbẹ̀rù yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Àyè tó bá gba gbogbo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbà á.

Ìbéèrè pọ̀. Bàbá kan tó ní ilé ìwé aládàáni ní, “Tí gbogbo wọn bá wá ń sọ pé àyà àwọn ń já ńkọ́?” Mo ní ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí ẹ wò, sà, ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ kì í fúnra rẹ̀ dá ọjọ́ àyẹ̀wò. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọn ò ní àwọn gbà, wọn ò sì ní àwọn ò gbà.

Ọmọbìnrin kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ló béèrè èyí tó le jù. “Ọ̀gá mi á lé mi ni, mà. Kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.” Mi ò lè purọ́ fún un. Olùkọ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, NUT, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà ní NULGE, wọ́n lè mú aṣojú ẹgbẹ́ dání wọlé. Òun ò ní ẹnì kankan. Mo ní kó má dárúkọ ọkàn rárá, mo wá bi í pé kí ló le jù níbẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá máa pariwo orúkọ òun láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà bá wà níwájú. Mo ní kó sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ mí láago, kí n má baà ṣi owó oníbàárà kà.” Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀gá á gbọ́. Tó bá gbà, kó jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó tó béèrè ìkejì.