Àfonífojì Odò Douro: Oko Tí Wọ́n Fi Òkúta Ṣe

Ẹ wo àwọn òkè àfonífojì odò Douro dáadáa. Láti etí odò dé téńté òkè, ìpele lórí ìpele ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Rárá o! Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ.

Ìhà àríwá ilẹ̀ Pọ́túgàl nìyí. Sípéènì ni odò Douro ti ṣẹ̀, ó sì rin nǹkan bí 900 kìlómítà kó tó wọ òkun ní ìlú Porto. Òkè Marão dúró gbagidi láàárín àfonífojì yìí àti òkun, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ òjò sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbẹ. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé oṣù mẹ́sàn-án òtútù àti oṣù mẹ́ta ọ̀run àpáàdì ni ọdún wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní schist ni. Àgbẹ̀ á fọ́ ọ, á fi èyí tó tóbi mọ ògiri, á wá da èyí tó kúnná sẹ́yìn ògiri, ìyẹn á sì di oko àjàrà. Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀. Bí wọ́n ṣe to òkúta náà lé ara wọn ló mú un dúró, àárín rẹ̀ ni omi òjò sì ń gbà jò jáde láì bi ògiri ṣubú. Gbòǹgbò àjàrà náà á gba ojú sísán inú òkúta wọlẹ̀ lọ jìnnà, á máa wá omi. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ ògiri wọ̀nyí jẹ́ alágbàṣe láti Galicia, ní Sípéènì. Ìtàn kì í sábà dárúkọ wọn, ó sì ń dùn mí.

Ní 1756, Marquês de Pombal, mínísítà àgbà ọba Pọ́túgàl, ní kí wọ́n pààlà sí ilẹ̀ àjàrà náà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò tíńtín kan, phylloxera, wọ gbòǹgbò àjàrà, ó sì sọ ọ̀pọ̀ oko dahoro. Mortórios ni wọ́n ń pe àwọn tí ẹnikẹ́ni kò padà sí. Igbó ti bò wọ́n, ògiri wọn ṣì wà níbẹ̀.

Láyé ijọ́un, ọkọ̀ onígi tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, rabelo, ló ń kó àgbá wáìnì sọ̀ kalẹ̀ lójú odò. Odò náà le nígbà yẹn. Ní 1861, ó gbé Joseph Forrester, oníṣòwò wáìnì tó ya máàpù odò náà, lọ. Reluwé ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n sé odò, omi sì rọ̀.

UNESCO fi agbègbè yìí sára ogún ayé ní 2001. Síbẹ̀, katakata ti ń la ìpele tuntun tí kò ní ògiri rárá, torí pé ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti òkúta. N kò bá àgbẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n torí ògiri yìí ni àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń wá, ó sì yẹ kí díẹ̀ nínú owó wọn máa dé ọwọ́ àwọn tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń to òkúta náà, kí wọ́n lè gba ọmọṣẹ́.