Ikùn Kò Léyín O!

Ẹ wò mí. Iṣu sísè lásán nìyí, kò sí epo, kò sí iyọ̀. Mo bù ú sẹ́nu, mò ń rún un, mi ò sì tíì gbé e mì o… Ẹ ní sùúrù… Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti ń dùn. Ta ló fi ṣúgà sí i? Itọ́ ẹnu mi ni!

Ohun kan wà nínú itọ́ tí wọ́n ń pè ní amylase. Bó bá ti kan sítáàṣì inú iṣu, ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í já a sí wẹ́wẹ́, á sọ ọ́ di oríṣi ṣúgà kan tó ń jẹ́ maltose. Oúnjẹ kò tíì dé ọ̀fun, ó ti ń dà!

Ibi tí ẹ ti ń ṣì í rèé. Òkèlè kan, omi kan. Òkèlè kan, omi kan. Ẹ jọ̀ọ́! Omi kò burú, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ itọ́. Itọ́ tó ń sun lẹ́bàá etí, lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n yín tó bíi lítà 1 sí 1.5 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kó rí oúnjẹ náà fọwọ́ kàn. Bí amylase bá bá omi kíkan inú ikùn pàdé, iṣẹ́ rẹ̀ ń tán lọ nìyẹn, ó di inú ìfun kí òmíràn tó wá bá a ṣe é.

Ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gàrí ni wọ́n ń yan. Ṣíṣà gbágùúdá, bíbó, rírin, fífi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò títí á fi kan, sísẹ́, kí wọ́n tó gbé agbada kaná. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, èéfín á bò mí lójú, n kò ní dìde. Mi ò rí i kí wọ́n ju odidi gbágùúdá sínú agbada rí. Eyín yín ni ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá yẹn. Bí ẹ bá gbé ègé ẹran mì lódidi, ara òde rẹ̀ nìkan ni omi kíkan inú ikùn á kọ́kọ́ rí bá jà. IKÙN KÒ LÉYÍN O! Mo tún un sọ: ikùn kò léyín!

Mo gbọ́ ẹni tó ń bi mí pé, “Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ṣebí wọ́n ti rin ewùrà náà kí wọ́n tó sè é?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó rọ̀. Rírọ̀ kọ́ ni itọ́ o! Ẹ fi ahọ́n yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, kí itọ́ gbà á mọ́ra. Ẹ̀bà náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé a kì í rún òkèlè.

Ó yá, ẹ mú iṣu yín. Ẹ rún un. Ẹ má gbé e mì! Ẹ ka 1 dé 30 nínú ọkàn yín. Ṣé ó ti ń dùn?