Ẹdẹ pa á, Ọ̀yọ́ ò pa á: bí mo ṣe mú bug kan nínú curses

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń dún yẹn, ẹ bá mi fara dà á. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lẹ́nu pé orúkọ ìlú ń pa prógíráàmù mi lẹ ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ó dáa, ẹ fa àga yín sún mọ́bí.

Prógíráàmù náà rèé. Python ni mo fi kọ ọ́, curses, irinṣẹ́ tó ń yàwòrán sínú terminal (fèrèsé ọ̀rọ̀ lásán tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ló ń bá mi to ojú rẹ̀. Màmá kan tó máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú ni mo ṣe é fún. Àwọn ẹrù wà lókè, nísàlẹ̀ pátápátá ẹ rí ìlà aláwọ̀ búlúù kan tó ń sọ ìlú tí ẹrù ń lọ. Lọ́dọ̀ mi níbí, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ó dé ọ̀dọ̀ màmá, wọ́n pè mí: “Ọmọ mi, nǹkan yìí ti tún kú o.” Mo ní ìlú wo lẹ yàn, mà? Wọ́n ní Ẹdẹ. Mo ní ẹ yan Ọ̀yọ́ wò. Ó ṣiṣẹ́! Ìbàdàn ńkọ́? Ó kú. Ògbómọ̀ṣọ́? Ó ṣiṣẹ́. Màmá ní àbí ẹnì kan ti ṣe nǹkan sí kọ̀ǹpútà àwọn ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ara fu èmi náà.

Ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù ya àṣìṣe ránṣẹ́ sí mi, ìdajì àwòrán jẹ́ àtàǹpàkò yín, ẹ ṣíwọ́. Tí curses bá kú láìtọ́jú ilé, gbogbo ìlà á dà bí àtẹ̀gùn, ohun tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ kò ní hàn mọ́. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ tẹ `reset` bí afọ́jú, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tí Enter ò bá gbọ́, ẹ tẹ Ctrl+J. Kírú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, `curses.wrapper` ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù yín, òun á bá yín gbálẹ̀ kó tó jáde.

Wàyí o, ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù rèé. Mo ṣí ojú terminal méjì. Nínú èyí:

`python3 eru.py 2> asise.txt`

Nínú èkejì:

`tail -f asise.txt`

Ó parí. Prógíráàmù ń yàwòrán lápá òsì, àṣìṣe ń bọ́ lápá ọ̀tún, ẹnì kan ò tẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Mo yan Ẹdẹ... kò kú. Ẹ rí i? Lọ́dọ̀ mi kì í kú. Ẹ jẹ́ ká tẹ `stty size`: 52 190. Ìlà 52, àyè 190 ní ìbú. Terminal tèmi gbòòrò bíi pápá. Ti màmá, bó ṣe ṣí náà ni wọ́n ń lò ó: 24 80. Ìwọ̀n yẹn ti pẹ́ láyé o, bẹ́ẹ̀ náà ni terminal VT100 ti 1978 ṣe tóbi mọ. Mo fa etí terminal mi wọlé... ó kù díẹ̀... 24 80. Mo yan Ẹdẹ. Ó kú! Ẹ wo apá ọ̀tún:

`_curses.error: addwstr() returned ERR`

Lókè rẹ̀ ni ìlà tó pa á wà:

`iboju.addstr(h-1, 0, ilu.ljust(80))`

Ìtìjú bò mí. `h-1` ni ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, `ljust(80)` sì ń fi àlàfo kún orúkọ ìlú kó lè pé 80. 80 yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Lórí ẹ̀rọ mi mo ti rí i pé búlúù náà ò dé etí, mo ní ṣebí ẹwà lásán ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àyè ìkẹyìn ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Curses kọ lẹ́tà síbẹ̀ tán, cursor, àmì tó ń fi ibi tá a kọ̀wé dé hàn, fẹ́ sún síwájú, kò sí ibi tó máa sún sí. Ó dá ERR, ìyẹn “àṣìṣe”, padà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń fi C kọ ọ́ sábà máa ń kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Python ò gba ìyẹn, ó sọ ọ́ di àṣìṣe, ó sì kú lé e lórí. Ẹ wò ó, mo fi àyè kan péré kún ìbú terminal, 81. Ẹdẹ ò pa á mọ́.

Ọ̀yọ́ wá ńkọ́? Ẹ dúró, ibi tó dùn rèé. Ẹ jẹ́ ká bi Python iye lẹ́tà tó kà:

`len("Ẹdẹ")` 3.
`len("Ọ̀yọ́")` 5!

Lẹ́tà mẹ́ta lojú wa rí. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tó ní àmì lábẹ́ nìkan ní nọ́ńbà tirẹ̀, à tó ní àmì lórí nìkan náà ní tirẹ̀. Èyí tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ni kò ní. Ọ ni wọ́n á kọ, kí wọ́n tó wá gbé ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. `ljust` ka 5, ó fi àlàfo 75 kún un, ó ní 80 ti pé. Lójú kọ̀ǹpútà, 78 péré ni. Kò dé igun, kò kú! Ògbómọ̀ṣọ́ náà jẹ méjì bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ò jẹ nǹkan kan, ó dé igun, ó ṣubú. Tí kíbọọ̀dù yín bá ń to gbogbo àmì lọ́tọ̀, Ìbàdàn pàápàá á yè. Àmì ohùn ló ń gba prógíráàmù là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àmì ohùn ò wúlò, ẹ gbọ́ o!

Àtúnṣe. `pip install wcwidth`, lẹ́yìn náà:

```
h, w = iboju.getmaxyx()
aaye = w - 1 - wcswidth(ilu)
iboju.addstr(h-1, 0, ilu + ' ' * aaye, awo)
iboju.insch(h-1, w-1, ' ', awo)
```

`wcswidth` ń ka àyè tí ọ̀rọ̀ máa gbà lójú kọ̀ǹpútà, Ọ̀yọ́ di 3. `insch` ló ń kun igun yẹn, torí òun kì í sún cursor.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ kọ́mẹ́ǹtì báyìí: “Ọ̀gá, ẹ fi try àti except pass sí i, ó tán.” Ẹ̀gbọ́n, kò tán. Tí mo bá pa á lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní mọ̀ láéláé pé búlúù Ọ̀yọ́ fi àyè méjì kúrú. Mo ti kórira `pass` yẹn ọjọ́ ti pẹ́.

Kíákíá, bátìrì mi ń lọ: àkójọ ẹrù náà, ẹ má jẹ́ kó dé ìlà `h-1`, ẹ gé e. Bí ẹnikẹ́ni bá fa etí terminal, `getch`, tó ń ka bọ́tìnnì tá a tẹ̀, á mú `curses.KEY_RESIZE` wá, ẹ tún `getmaxyx` pè, kẹ́ ẹ yà á lákọ̀tun.

Ó dáa, 24 80. Apá ọ̀tún, `tail` ṣì ń wò. Ẹdẹ. Ọ̀yọ́. Ìbàdàn. Ilé-Ifẹ̀. Fáìlì ṣófo! Mo ti fi ránṣẹ́ sí màmá láàárọ̀. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n búlúù yẹn ti pọ̀ jù báyìí, ṣé mi ò lè fi àwọ̀ ewé sí i.