Ẹ Má Gba Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì Dé Inú Èdè Sípáníìṣì: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara-ẹni ní Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìjókòó, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ń múra àtilọ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ran ọmọ aráyé lọ́wọ́ lókè òkun, mo kí yín. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara-ẹni kì í ṣe àjèjì sí ìlú yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ní ọdún 1987, láti máa rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì méjì, ọmọ Iléṣà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, ni ó wà nípò mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn sì ni àwọn òṣómàáló ti ru aṣọ wọ ìlú onílùú, tí wọ́n fi etí kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà wọn, torí ẹni tí ó bá ń tajà láwìn gbọ́dọ̀ gbọ́ àwáwí onígbèsè yékéyéké.

Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí, ìgbà tí iṣẹ́ kò tíì mọ́ni lára, tí èdè kò sì tíì yọ̀ lẹ́nu. Orílẹ̀-èdè Guatemala, tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti sin tèmi, ní ìlú Quetzaltenango tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Xela. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó fi ohun tí ó lé ní 2,300 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ sì lágbára ju ọyẹ́ wa lọ. Aago wọn fi wákàtí méje wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà oorun ọ̀sán yóò máa kùn yín fún ìgbà díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ èdè pọ̀ níbẹ̀: olùkọ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan tí ó ń bọ́ ọ.

Ìṣòro wa ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa ní ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ ní ilé ìwé, nítorí náà bí a bá fẹ́ kọ́ èdè kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn wa máa ń sá lọ bá. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọn yóò kó fún yín, ará Amẹ́ríkà àti ará Yúróòpù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí ó le fún àwọn yẹn lè rọ̀ fún wa, bí a bá gba ilé lọ, ìyẹn ni pé kí a gba inú Yorùbá wa dé ọ̀dọ̀ èdè náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìwòsàn, níbi tí púpọ̀ nínú yín yóò ti ṣiṣẹ́. Me duele la cabeza ni aláìsàn yóò sọ bí orí bá ń fọ́ ọ. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń bá gbólóhùn yìí jìjàkadì, torí pé nínú èdè tirẹ̀, òun gan-an ni olùwà, òun ni ó ní ẹ̀fọ́rí. Kí ni àwa ń wí? Orí ń fọ́ mi. Orí ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Sípáníìṣì kàn gbé àbọ̀ náà síwájú ni. Inú ń run mí, ẹ̀yìn ń dùn mí: me duele el estómago, me duele la espalda. Bí nǹkan bá sì wù wá, nǹkan náà ni olùwà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni me gusta, ó wù mí, ṣe rí. Mo rí ìyá arúgbó kan tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀, tí ó ní aquí me duele, ibí ń dùn mí, tí ó wá dákẹ́, tí ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì. K'iche' ni èdè abínibí rẹ̀, ọ̀kan nínú èdè Maya 22 tí ó wà ní Guatemala. Òun náà kọ́ Sípáníìṣì lé èdè ìyá rẹ̀ lórí ni, ó sì ń fi sùúrù sọ ọ́, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú. Ní tèmi, irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní fún akẹ́kọ̀ọ́ ju ọ̀dọ́ ìgboro tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì lọ.

Ti ìkíni, ẹ kò ní rí i bí ẹrù rárá. Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí bọ́ọ̀sì láìkí ènìyàn níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà á sí. Ẹni tí ó bá jẹun tán yóò ní gracias, ẹ ṣé, fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jókòó, wọn yóò sì dá a lóhùn pé buen provecho, kí oúnjẹ náà ṣe ara lóore. Wọn kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí, Doña tàbí Don ni yóò ṣáájú rẹ̀. Usted ni ẹ óò fi máa pe àgbà àti àjèjì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lo ẹ. Vos tí ẹ óò máa gbọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn ná. Etí wa pẹ̀lú yá: hablo ni èmi ń sọ̀rọ̀, habló ni ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n tẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń sọ ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ti ń ya ìgbá sọ́tọ̀ kúrò lára igbá láti kékeré kò ní ṣàì gbọ́ ọ.

N kò sọ pé Yorùbá yóò gbé wa dé ibi gbogbo. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà nítorí ẹni tí ń ṣe nǹkan, tiwọn ń yí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó, ni a fi ń tọ́ka sí ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ẹ óò pe ìyàwó ilé ní él, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọkùnrin, títí ara yóò fi mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wa kì í sì parí sí kọ́ńsónáǹtì, ẹnu wa a sì máa fẹ́ fi fáwẹ̀lì ti usted lẹ́yìn. Ìdárayá ẹnu lójoojúmọ́ ni ó ń wo ìyẹn sàn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn àjọ kan wà tí wọn yóò ti àlejò sí iwájú kíláàsì ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé, nígbà tí kò lè sọ fún ọmọ kan pé kí ó jókòó. Èmi kò gbà pé ìrànlọ́wọ́ ni ìyẹn. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń ran olùyọ̀ǹda lọ́wọ́. Ilé ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìyá tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ a bu ìyẹ̀fun àgbàdo tútù díẹ̀, a rọ ọ́ róbótó, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á, tí yóò máa yí i títí yóò fi fẹ̀ pẹrẹsẹ, a wá tẹ́ ẹ sórí comal, àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń yan nǹkan, tí ó ti gbóná láìfi òróró kàn án, ìka lásán ni yóò sì fi yí i padà. Gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe é ni ó ń pàṣẹ: pase, siéntese, espere, coma. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ dúró ná, ẹ jẹun. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ni mo ń sọ fún aláìsàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ wọ́n, torí pé bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe gbọ́ ọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àjọ èyíkéyìí, ẹ béèrè bóyá wọn yóò yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún èdè nìkan, bóyá inú ilé ẹlẹ́bí ni ẹ óò gbé, àti ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ tó dé.