Bí Kọ́míìkì Tí A Fẹ́ràn Bá Fẹ́ Di Fíìmù

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ kọ́míìkì. Ìròyìn kan wà tó máa ń múnú wa dùn, tó sì tún máa ń já wa láyà: pé wọ́n fẹ́ fi ìwé tí a fẹ́ràn jù ṣe fíìmù kàtúùnù. Ìdùnnú yẹn kò nílò àlàyé. Àyà tó ń já yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Tí a bá ń ka kọ́míìkì, ọwọ́ wa ni àkókò wà. Ẹ lè tẹjú mọ́ àwòrán kan títí ẹ ó fi rí omi tó lé ròrò lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ lè ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ohùn akọni inú ìwé, ẹ̀yin lẹ fún un. Bó ṣe rìn láti inú àpótí àwòrán kan bọ́ sínú èkejì, inú orí yín ló ti ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó ya ìwé kò ya ìrìn yẹn rárá.

Fíìmù kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ayàwòrán sábà máa ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó lè jẹ́ 12 ni wọ́n máa yà. Olùdarí ló ń pinnu ìgbà tí a ó dúró àti ìgbà tí a ó lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wa wà, kì í ṣe lára aṣọ akọni tàbí àwọ̀ irun rẹ̀.

Ẹ wo Slam Dunk, kọ́míìkì bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n tí Takehiko Inoue yà ní Japan láti 1990 di 1996. Wọ́n fi ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 1993, àmọ́ eré náà parí láì dé orí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ìwé, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn akọni ìwé náà bá ẹgbẹ́ Sannoh gbá. Ibẹ̀ sì ni ọkàn òǹkàwé wà! Bí ẹ bá ṣí ìparí rẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, ara tó ń fò, ọwọ́ tó nà, òógùn. Lẹ́yìn náà, Sakuragi, tó jẹ́ akọni ìwé, àti Rukawa, àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà àmọ́ tí inú wọn kì í dùn síra wọn, gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ra. Àwòrán yẹn nìkan gba ojú ìwé méjì.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú fíìmù? Inoue fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. The First Slam Dunk jáde ní oṣù Kejìlá 2022, ọdún 26 lẹ́yìn tí ìwé parí. Kó tó jáde, inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kò dùn pé wọ́n ti pààrọ̀ àwọn òṣèré tó fọhùn nínú ti tẹlifíṣọ̀n. Inoue tún gbé ìtàn náà karí Ryota Miyagi, ọmọ ẹgbẹ́ wọn mìíràn tí kì í ṣe òun ni akọni ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìparí dé, fíìmù náà dákẹ́. Ohun tó yí padà pọ̀, àmọ́ kò fọwọ́ kan ibi tí àwọn òǹkàwé ti mú èémí dúró.

Marjane Satrapi náà ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 2007, nígbà tí òun àti Vincent Paronnaud fi Persepolis, kọ́míìkì tí Satrapi yà nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Iran, ṣe fíìmù: dúdú àti funfun inú ìwé náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí fídíò ìpolówó fíìmù tí ojú yín wà lọ́nà fún bá jáde, ẹ má tètè bínú sí ojú ẹni tí kò jọ ti inú ìwé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n jẹ́ kí àwòrán kan dúró pẹ́ díẹ̀. Ẹ fetí sí i bóyá orin ń bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ sì tún ìwé náà kà báyìí, kí fíìmù tó dé, torí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn òṣèré lẹ ó máa gbọ́ bí ẹ bá ń kà á. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi láti ìdìpọ̀ kìíní.