Ọmọ Nest Ni Wọ́n: Ìran Maurice FitzGerald àti Ogún Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ireland

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín kú ìjókòó. Àwọn tí ó ti gbọ́ mi rí mọ ibi tí mo ń lọ, mo sì ti rí ẹni méjì tí ó ń rẹ́rìn-ín kí n tó yanu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ara yín lè balẹ̀: orúkọ FitzGerald ń tàn wá jẹ. “Fitz” nínú èdè Faransé àwọn Norman, àwọn ará àríwá Fáráńsé tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, túmọ̀ sí ọmọkùnrin, nítorí náà “ọmọ Gerald” ni orúkọ náà, orúkọ bàbá yìí sì ni a ti fi ń pìtàn ìdílé náà fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn tí ó kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ sí Ireland ní 1169 àti 1170 jọ, tí a bi wọ́n léèrè ohun tí ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe Gerald. Obìnrin kan ni, ìyá fún àwọn kan, ìyá àgbà fún àwọn yòókù. Nest ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè parí ọ̀ràn ìhà bàbá, nítorí kò gùn. Maurice FitzGerald, olúwa Llanstephan ní gúúsù Wales, jẹ́ ọmọ Gerald ti Windsor, ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé olódi Pembroke. Walter FitzOther, olùṣọ́ ilé olódi Windsor, ni ó bí Gerald. Orúkọ Walter wà nínú ìwé ńlá tí Ọba William fi ka ilẹ̀ àti dúkìá Gẹ̀ẹ́sì ní 1086. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Other ni ó bí Walter. Ibẹ̀ ni okùn já.

Àwọn tí kò fẹ́ kí okùn já ni ó lọ so ó mọ́ ìdílé Gherardini ní ìlú Florence ní Ítálì, débi pé Earl kẹjọ ti Kildare, ìjòyè ńlá kan nínú ìran Maurice ní Ireland, kọ lẹ́tà sí wọn ní 1507 gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Ìdílé yìí náà ni Lisa, obìnrin inú àwòrán Mona Lisa, ti wá, ẹ sì lè fojú inú wo bí ó ṣe ń dùn mọ́ àwọn kan nínú pé àwọn bá a tan. Wọ́n ní àròbá ni baba ìtàn. Mo gbà, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ baba tí a kò tíì rí ọmọ tí ó jọ ọ́. Gerald àti Gherardini jọra ní etí. Ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n ní.

Ó yá, ìhà ìyá. Nest jẹ́ ọmọ Rhys ap Tewdwr, ọba Deheubarth ní gúúsù-ìwọ̀ oòrùn Wales. Àwọn Norman pa bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Brecon ní 1093, ìjọba náà sì fọ́. Nest bí ọmọkùnrin kan, Henry FitzHenry, fún Henry Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ìgbéyàwó láàárín wọn. Ó di aya Gerald ti Windsor, ó sì bí William, Maurice, David tí ó di bíṣọ́ọ̀bù St Davids ní 1148, àti ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Angharad. Ó tún bí Robert fún Stephen, olùṣọ́ ilé olódi Cardigan. Láàárín gbogbo èyí, ní 1109, Owain ap Cadwgan, ọmọ aládé Powys, ya wọ ilé olódi Gerald lóru, ó dáná sun ún, ó sì gbé Nest lọ tọmọtọmọ. Gerald gba ihò ṣáláńgá sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, nítorí ní 1116 Gerald náà wá Owain kàn, ó sì pa á.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀ àti ọmọ ìyá kan náà tí bàbá wọn yàtọ̀. Àwa ya ọbàkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyekan, a sì mọ ìdí. Àwọn ọbàkan ni ó máa ń du ogún, nítorí inú agbada kan náà ni ọwọ́ wọn ń lọ. Àwọn ìyekan kò ní oko bàbá kan náà tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ jà. Maurice FitzGerald àti Robert FitzStephen jẹ́ ìyekan. Àwọn òpìtàn tí ó ń to ìdílé sí ìsàlẹ̀ orúkọ bàbá pín wọn sí ojú ìwé méjì, lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣe kàyéfì pé báwo ni àwọn méjèèjì ṣe jọ rí Wexford, ìlú kan ní Ireland, gbà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Wọ́n lé Diarmait Mac Murchada, ọba Leinster ní ìlà oòrùn Ireland, kúrò lórí ìtẹ́ ní 1166. Ó lọ bá Ọba Henry Kejì ní Fáráńsé, ó gba ìyọ̀ǹda láti wá ọmọ ogun, ó sì padà sí Wales. Ní àkókò yẹn, Robert FitzStephen wà ní àhámọ́ Rhys ap Gruffydd. Ta ni Rhys? Ọmọ àbúrò Nest lọ́kùnrin ni! Ta ni ó bẹ Rhys kí ó tú Robert sílẹ̀? Bíṣọ́ọ̀bù David àti Maurice, ọmọ ìyá Robert. Ìyọnu ni ó jẹ́ fún Rhys láti ní jagunjagun Norman bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè rẹ̀, nítorí náà lílọ sí Ireland dára fún gbogbo wọn. Diarmait ṣèlérí ìlú Wexford àti ilẹ̀ tí ó yí i ká fún Robert àti Maurice lápapọ̀. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ètò ìṣẹ́gun tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì jókòó wéwèé kò ka ìwé náà dáadáa. Ìpàdé ẹbí ni, ìpàdé ẹbí ìhà ìyá.

Ní oṣù Karùn-ún 1169, Robert gúnlẹ̀ sí Bannow pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, jagunjagun ẹlẹ́ṣin 30, 60 mìíràn tí ó wọ ẹ̀wù irin, àti tafàtafà bí 300. Meyler, ọmọ Henry FitzHenry, wà pẹ̀lú rẹ̀. Robert de Barry, ọmọ Angharad, náà wà níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Maurice dé pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Ní 1170, Raymond, ọmọ William, dé ṣáájú Richard de Clare, ìjòyè Norman tí gbogbo ayé mọ̀ sí Strongbow. Strongbow ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pariwo; àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Nest ti jà fún ọdún kan gbáko kí ó tó dé.

Ọ̀dọ̀ ta ni a ti gbọ́ gbogbo èyí? Gerald ti Wales ni ó kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣẹ́gun Ireland, ọmọ Angharad sì ni, èyí tí ó mú kí Maurice jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ki àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Ireland sàga ti Dublin ní 1171 tí oúnjẹ sì ń tán, ó fi ọ̀rọ̀ kan sí Maurice lẹ́nu: pé bí wọ́n ti jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì lójú àwọn ará Ireland, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ ará Ireland lójú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì péré ni Maurice tíì lò níbẹ̀. Mo gbà pé Gerald ni ó hun ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun kan náà ni ó sọ fún wa pé Maurice kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nest tí ó jẹ́ Norman lójú ará Wales, tí ó sì jẹ́ ará Wales lójú Norman, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni mo dé tí ìyá kan tí ó jókòó lẹ́yìn fi nawọ́. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ ti ń pe ilé yìí ní ilé Nest láti àárọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni bi Nest léèrè ohun tí òun fẹ́? Aoife tí wọ́n fi fún Strongbow náà ńkọ́?”

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ogún ìṣẹ́jú tí mo fi pamọ́ fún àwọn Earl ni ìbéèrè yín gbé lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn ará Wales fi ọ̀rọ̀ sí Nest lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì nínú ìtàn 1109 yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, òun ni ó ní kí Gerald má ṣe gba ẹnu ọ̀nà jáde, tí ó sì mú un lọ sí ṣáláńgá. Lẹ́ẹ̀kejì, òun ni ó rọ Owain títí tí ó fi dá àwọn ọmọ padà fún bàbá wọn. Ó gba ẹ̀mí ọkọ là, ó gba àwọn ọmọ là. Ní ti ara rẹ̀, ìwé náà dákẹ́. Mo gbọ́dọ̀ gbà pé obìnrin tí mo ń pè ní orísun ilé jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé láti ilé kan dé òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá rẹ̀.

Ní ti Aoife, ọmọbìnrin Diarmait, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin Ireland, ọmọbìnrin kò lè gbé ìjọba fún ọkọ. Àwọn ọkùnrin ìdílé ọba ni wọ́n ń yan ọba láàárín wọn, Diarmait sì ní ọmọkùnrin, Domnall, láàyè. Òfin àwọn Norman ni ó sọ Aoife di ọ̀nà ogún. Wọ́n gbé e níyàwó fún Strongbow ní Waterford ní oṣù Kẹjọ 1170, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú náà. Isabel ọmọ wọn gbé Leinster lọ fún ọkọ rẹ̀, William Marshal, ní 1189, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Marshal márààrún sì kú láìní àrólé, wọ́n pín Leinster láàárín ìran àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: ọwọ́ obìnrin ni ilẹ̀ ń gbà kọjá, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n ń kọ sí i. Ìbéèrè yín kò wó àlàyé mi, ṣùgbọ́n ó ti gba adùn ẹnu rẹ̀.

Alága ti fi aago hàn mí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà mo sáré. Maurice kú ní 1176. Ọmọ rẹ̀ Gerald ni baba ńlá àwọn Earl ti Kildare, tí wọ́n gba oyè ní 1316; Thomas, ọmọ rẹ̀ mìíràn, ni ti àwọn Earl ti Desmond, tí wọ́n gbà á ní 1329. Ní 1366, òfin Kilkenny ka èdè Ireland léèwọ̀ fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀, ó sì ka fífẹ́ àwọn ará Ireland léèwọ̀. Ẹni tí ọba fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Ireland ní 1367 ni Earl kẹta ti Desmond, ẹni tí ó ń kọ ewì ní èdè Ireland. Àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé inú òfin yẹn ni gbólóhùn “wọ́n jẹ́ ará Ireland ju àwọn ará Ireland lọ” ti wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ kà á; kò sí níbẹ̀. Ní 1537 wọ́n pa Earl kẹwàá ti Kildare ní Tyburn, ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀daràn ní London, pẹ̀lú àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ márùn-ún, ní 1583 wọ́n sì pa Earl Desmond, wọ́n fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí London. Àwọn Kildare padà bọ̀ sípò, wọ́n sì kọ́ Leinster House sí Dublin, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ireland ń jókòó títí di òní.

Inú ilé yẹn ni Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà dúró sí ní oṣù Kẹfà 1963, tí ó ní àwọn Fitzgerald ni ó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n òun kò wá gbà á. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. John Fitzgerald Kennedy ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀dọ̀ Rose, ìyá rẹ̀, ni ó ti rí Fitzgerald náà.